Ìjàlọ àti Ìtàn Igbó Etíkun: Ìyàtọ̀ àti Ìpínkiri Àwọn Ẹ̀yà Ìjàlọ láti Àlàfo Dahomey dé Gberefu

1. Ìfáárà

Nínú ìwádìí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀rí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù lọ: ìtàn àtẹnudẹ́nu, àkọsílẹ̀ àwọn àjèjì, àti ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde láti inú ilẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúlò púpọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí wọn kò lè dá dáhùn tán: irú ilẹ̀ wo ni àwọn baba ńlá bá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ etíkun yìí dó? Ṣé igbó kìjikìji ni, àbí ọ̀dàn? Bí ó bá jẹ́ igbó, kí ni ó sọ ọ́ di ọ̀dàn?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ewéko nìkan. Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn aláṣẹ igbó gbà pé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó fi àdá àti iná ba igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jẹ́. Orí ìgbàgbọ́ yìí ni púpọ̀ nínú òfin tí ó gba igbó lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín dúró lé. Bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí òpìtàn gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀sùn èké ni a kọ sínú ìtàn fún odidi àwọn ènìyàn kan, ó sì yẹ kí a pa á rẹ́.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ẹ̀rí kẹrin yẹ̀ wò, èyíinì ni ẹ̀rí àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ náà. Ẹ̀dá tí a mú fún àpẹẹrẹ ni ìjàlọ, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kà mọ́ ìran Dorylus. Ọ̀nà mẹ́ta ni àlàyé náà gbà: bí ìjàlọ ṣe ń gbé ayé rẹ̀ àti ìdí tí ó fi lè jẹ́ ẹlẹ́rìí; ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìjàlọ ibì kan àti ti ibòmíràn; àti ohun tí ìpínkiri wọn lè sọ nípa Àlàfo Dahomey àti nípa ilẹ̀ Gberefu tí ó wà ní ẹnu ààlà rẹ̀.

2. Gberefu àti àyíká rẹ̀

Gberefu wà ní òdì kejì ọ̀sà tí ó kọjú sí ìlú Àgbádárìgì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun Atlantic sì wà ní gúúsù. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn ń wọ̀ débẹ̀ láti Àgbádárìgì, èyí ni ó sì mú kí wọ́n máa pè é ní erékùṣù. Àwọn Ẹ̀gùn ni ó pọ̀ jù ní agbègbè náà. Iṣẹ́ ẹja pípa àti igi àgbọn ni ó sì gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí a mọ̀ sí Ojú Àìpadàbọ̀ wà, níbi tí a ti ń kó àwọn ẹrú gba orí yanrìn lọ sí etí òkun kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Amẹ́ríkà.

Ìtàn ènìyàn ní agbègbè yìí kún fún ìṣípòpadà. Nígbà tí Dahomey ṣẹ́gun Allada ní 1724, tí ó sì gba Ouidah ní 1727, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gba ìhà ìlà-oòrùn lọ, òwò tí ó ti wà ní Ouidah sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn dé Àgbádárìgì. Ní 1784 ogun Dahomey kọlu Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Láti Àgbádárìgì yìí kan náà ni Hugh Clapperton ti gbéra lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1825, tí Richard Lander àti John Lander sì tún gba ibẹ̀ kọjá ní 1830. Ọ̀sà àti ilẹ̀ yanrìn tí ó tẹ̀lé etíkun ni ó jẹ́ òpópónà fún gbogbo ìrìn wọ̀nyí.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún àlàyé yìí ni ọjọ́ orí ilẹ̀ náà. Nígbà tí òtútù ńlá ayé àtijọ́ dópin, omi òkun ga sókè. Nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn ni ó tó súnmọ́ ibi tí ó wà lónìí. Lẹ́yìn èyí ni ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í kó yanrìn jọ sí etíkun, títí ó fi di ilẹ̀ gbọọrọ tí ó pààlà sí àárín òkun àti ọ̀sà. Nítorí náà, ọmọdé ni ilẹ̀ Gberefu láàárín àwọn ilẹ̀. Ẹ̀dá ilẹ̀ gbígbẹ èyíkéyìí tí a bá rí níbẹ̀, ibòmíràn ni ó ti wá.

3. Ìgbésí ayé ìjàlọ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní oko mọ ìjàlọ yàtọ̀ sí eèrà, ìkamùdù àti ikán. Eèrà ń wá oúnjẹ kiri. Ìjàlọ ń jagun kiri. Bí ọ̀wọ́ wọn bá wọ ilé lóru, onílé á gbé ọmọ rẹ̀ jáde, á sì tú adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó so mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, aáyán, eku àti àkekèé kì í ṣẹ́ kù nínú ilé náà. Nítorí èyí, àwọn àgbàlagbà kì í ka ìjàlọ sí ọ̀tá pátápátá. Eérú gbígbóná àti iná ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, wọn kì í sábà lépa rẹ̀ dé ihò.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ìdí ohun tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ múlẹ̀, ó sì fi kún un. A. Raignier àti J. van Boven, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìjàlọ ilẹ̀ Congo, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1955, ṣàlàyé pé agbo kan ṣoṣo lè ní ju 10,000,000 òṣìṣẹ́ lọ. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ń bí gbogbo wọn. Ìyá yìí gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí eèrà mìíràn láyé tí ó tóbi jù ú lọ. Ó lè yé ẹyin mílíọ̀nù 3 sí 4 láàárín oṣù kan. Agbo náà kì í ní ibùgbé títí láé. Bí oúnjẹ bá tán ní àyíká, gbogbo wọn á ṣí lọ sí ibòmíràn, àwọn òṣìṣẹ́ á sì gbé ọmọ lọ́wọ́.

Ohun mẹ́rin nínú ìgbésí ayé wọn ni ó kan ìtàn. Èkíní ni pé ìyá ìjàlọ kò ní ìyẹ́. Ìyá ọ̀pọ̀ eèrà mìíràn a máa fò kúrò ní ilé tí a bí i sí, á sì dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó bá bà sí. Ti ìjàlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agbo bá pọ̀ jù, pípín ni ó ń pín sí méjì. Ìyá tuntun á fi ẹsẹ̀ rìn jáde pẹ̀lú apá kan àwọn òṣìṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ilẹ̀ kan tí ìjàlọ dé tí kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó fi rìn débẹ̀, láti ibi dé ibi, láti ìran dé ìran.

Èkejì ni pé akọ ìjàlọ ní ìyẹ́, ó sì ń fò. Òun ni kòkòrò pupa rúsúrúsú, oníkùn gbọọrọ, tí ń wá sí ibi iná fìtílà lóru. Nítorí náà, akọ lè ré kọjá ibi tí ìyá kò lè kọjá, ṣùgbọ́n akọ nìkan kò lè dá agbo sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé ìjàlọ kì í fara da oòrùn gbígbóná. Òru, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, àti abẹ́ igi ni ó ń rìn. Bí ó bá di dandan kí ó gba ibi tí oòrùn ti ń pa, ó ń fi erùpẹ̀ ṣe òrùlé sórí ọ̀nà rẹ̀, tàbí kí àwọn ọmọ-ogun fi ara wọn ṣe ìbòòji fún àwọn yòókù.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀ràn omi. Bí àgbàrá bá gba ilẹ̀ wọn, wọn a lọ́ mọ́ra bí òṣùṣù, àwọn tí kò lágbára a wà láàárín, wọn a sì léfòó títí omi yóò fi fà. Wọn a tún so kọ́ ara wọn láti orí ẹ̀ka igi láti ṣe afárá lórí odò kékeré. Èyí fi hàn pé omi kékeré kò lè dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n odò fífẹ̀ àti ọ̀sà yàtọ̀ sí àgbàrá.

4. Bí ayé ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjàlọ

Kí àwọn onímọ̀ tó fún ìjàlọ ní orúkọ ni àwọn oníṣòwò ti ń kọ nípa rẹ̀. Willem Bosman, ará Netherlands tí ó ṣiṣẹ́ ní Elmina, tí ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Òyìnbó ní 1705, kọ ọ́ pé láàárín òru kan ni wọ́n jẹ àgùntàn òun kan tí ó jẹ́ pé egungun lásán ni ó kù ní òwúrọ̀.

Ní ti orúkọ, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìmọ̀. Ní 1764, Linnaeus rí akọ ìjàlọ kan tí wọ́n mú wá láti gúúsù Áfíríkà. Nítorí ìyẹ́ àti ìkùn rẹ̀, ó kà á mọ́ agbọ́n, ó sì pè é ní Vespa helvola. Fabricius ni ó dá ìran Dorylus sílẹ̀ ní 1793, Illiger sì sọ ẹ̀yà kan ní Dorylus nigricans ní 1802. Ní 1840, W. E. Shuckard fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ìyẹ́ ní orúkọ ìran mìíràn, èyíinì ni Anomma. Báyìí ni ó di pé ọkọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ́ òmíràn, nítorí pé inú àpótí ní Yúróòpù ni a ti ń wò wọ́n.

Ẹni tí ó mú ìmọ̀ náà súnmọ́ ilẹ̀ ni Thomas S. Savage, míṣọ́nnárì àti oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, tí ó dé Cape Palmas ní ilẹ̀ Liberia ní 1836. Òun kan náà ni ó fi gorílà han àwọn onímọ̀ ní 1847. Ní ọdún yẹn ni ó tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ìjàlọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ nípa bí oòrùn ṣe ń pa wọ́n, bí wọ́n ṣe ń léfòó, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá. J. O. Westwood fún irú èyí tí Savage kó ní orúkọ Anomma arcens. Lẹ́yìn tí Savage ti dé Gabon ní 1847, ó tún kọ àpilẹ̀kọ kejì ní 1849, nínú èyí tí ó ti fún òmíràn ní orúkọ Anomma rubella, orúkọ tí ó tọ́ka sí pupa. Ó sì tún sọ nípa akọ oníyẹ̀ẹ́ tí a rí láàárín ọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn pé ìdílé kan ni gbogbo wọn. Carlo Emery, ará Ítálì, ni ó kó wọn jọ sábẹ́ Dorylus ní 1895.

Ní ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ gbòòrò. W. M. Wheeler to gbogbo eèrà Congo tí Lang àti Chapin kó láàárín 1909 àti 1915 lẹ́sẹẹsẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Ní Nàìjíríà, Brian Taylor, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé lórí eèrà ilẹ̀ náà jáde ní 1976. J.-M. Leroux ṣe ìwádìí ìjàlọ ní Lamto, ní Côte d'Ivoire, níbi tí ọ̀dàn àti igbó etí odò ti pàdé. Ní 2007, D. Kronauer, C. Schöning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo ohun àjogúnbá inú ara ìjàlọ láti fi mọ bí àwọn ẹ̀yà ṣe tan mọ́ ara wọn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé ẹ̀dá méjì ni akọ àti òṣìṣẹ́. Ìgbà tí ẹni kan gbé láàárín wọn fún ọdún púpọ̀, tí ó wo ọ̀wọ́ wọn lójú ọ̀nà, ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú. Ìmọ̀ tí a gbà láti inú àpótí kò tó ìmọ̀ tí a gbà lórí ilẹ̀.

5. Ìpínkiri àti ìyàtọ̀ wọn

Igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò jẹ́ ọ̀kan. Apá kan wà láti Sierra Leone dé Gánà. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ààlà Benin àti Nàìjíríà, ó sì lọ títí dé Cameroon, Gabon àti Congo. Láàárín méjèèjì, láti agbègbè Accra títí kọjá Lomé àti Kútọnu, ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀ wá dé etí òkun. Ibi yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Àlàfo Dahomey. Òjò ni ó fa ìyàtọ̀ náà: ní Accra òjò ọdún kan kò tó mìlímítà 1,000, nígbà tí ti Èkó ju 1,500 lọ. Bí etíkun ṣe dojú kọ afẹ́fẹ́ òjò, àti omi tútù tí ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ni ó ń dín òjò kù níbẹ̀.

Ìpínkiri ìjàlọ bá pípín igbó yìí lọ dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí Schöning, T. Humle, Y. Möbius àti W. McGrew ṣe àkójọ ìjàlọ tí àwọn ìnàkí ń fi igi yọ jẹ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, Dorylus nigricans wà lára àwọn tí wọ́n rí ní Bossou, ní ilẹ̀ Guinea. Ní Gashaka, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Dorylus rubellus ni ó wà níbẹ̀, èyíinì ni orúkọ tí Savage kọ́kọ́ lò ní 1849. Bí a bá tún lọ sí Kenya, Dorylus molestus ni a óò bá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó kọjú sí òdì kejì wà pẹ̀lú. Lamto tí Leroux ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe igbó kìjikìji, síbẹ̀ ìjàlọ ń gbé níbẹ̀ nítorí igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀lé etí odò. Nínú Àlàfo Dahomey fúnra rẹ̀, àwọn erékùṣù igbó kù sí ibi púpọ̀: igbó Lama, tí ìjọba Faransé sọ di igbó ọba ní 1946, igbó Niaouli, àti àwọn igbó òrìṣà tí àwọn ará ìlú ń dáàbò bò. Nínú igbó Lama ni a ti ń rí ọ̀bọ oníkùn pupa tí a ń pè ní Cercopithecus erythrogaster. Ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì ń gbé inú igbó gúúsù Nàìjíríà. Bí ọ̀bọ ṣe rí ibi ìsádi, bẹ́ẹ̀ ni igbó etí odò lè jẹ́ ọ̀nà fún ẹ̀dá tí ń rìn ní abẹ́ ewé.

Àfiwé pẹ̀lú eèrà mìíràn mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere sí i. Eèrà pupa tí ń fi ewé igi rán ilé, Oecophylla longinoda, tàn láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ fún un ní orúkọ púpọ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan ni a kà á sí lónìí. Ìyá rẹ̀ ní ìyẹ́. Ó sì ń gbé lórí igi máńgòrò ní Parakou, ní àárín ọ̀dàn Benin, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé inú igbó. Fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, Àlàfo Dahomey kì í ṣe ìdènà. Àfiwé yìí tọ́ka sí i pé ìyẹ́ ìyá ṣe pàtàkì nínú ọ̀ràn ẹni tí ó lè ré àlàfo kọjá àti ẹni tí kò lè ré e kọjá.

6. Ta ni ó pa igbó Dahomey?

Gbajúmọ̀ nínú àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kan àgbẹ̀ ni A. Aubréville, aláṣẹ igbó fún ìjọba Faransé. Ó kọ̀wé lórí igbó Dahomey àti Togo ní 1937. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1949, ó ṣàlàyé pé oko àti iná ni ó ń sọ igbó Áfíríkà di ọ̀dàn, tí ó sì ń sọ ọ̀dàn di aṣálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlàyé yìí ni a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ igbó.

Ní 1998, James Fairhead àti Melissa Leach tẹ ìwé jáde tí ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Togo àti Benin wà lára wọn. Wọ́n fi hàn pé àwọn tí ó ṣírò igbó tí ó parun máa ń gbà láìwádìí pé igbó bo gbogbo ilẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 2005, U. Salzmann àti P. Hoelzmann tẹ àbájáde mìíràn jáde. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin, wọ́n sì ka lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìpele dé ìpele. Ó hàn pé igbó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 8,400 ọdún sẹ́yìn títí di nǹkan bí 4,500. Láàárín 4,500 àti 3,400 ọdún sẹ́yìn, igbó ya lójijì nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà dé ìwọ̀n kan, kí ọ̀dàn tó tún gba ilẹ̀ láti nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún òpìtàn. Àkọ́kọ́ lára ìyípadà méjèèjì ṣẹlẹ̀ ní ìgbà tí kò sí Allada, tí kò sí Agbómẹ̀, tí òwò òkun kò sì sí. Ojú ọ̀run ni ó la àlàfo náà. Ní ti ìyípadà kejì, ènìyàn ti pọ̀ sí i lórí ilẹ̀, kò sì tọ́ kí a wẹ̀ wọ́n mọ́ pátápátá. Oko àti iná lè ti mú kí igbó má rí ààyè padà. Ṣùgbọ́n láti sọ pé ènìyàn dí igbó lọ́wọ́ láti padà, àti láti sọ pé ènìyàn ni ó pa á, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ibí yìí ni ẹ̀rí ìjàlọ ti wúlò, nítorí ó ṣí apá kẹta payá. Bí igbó bá so pọ̀ láti Gánà dé Nàìjíríà láàárín 8,400 àti 4,500 ọdún sẹ́yìn, nígbà náà ìjàlọ ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn ní nǹkan bí 4,000 ọdún láti fi ẹsẹ̀ rìn pàdé ara wọn. Bí wọ́n bá ṣì yàtọ̀ lónìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àlàfo tí ó là ní 4,500 ọdún sẹ́yìn nìkan kò tó láti fa ìyàtọ̀ náà. Ó ní láti jẹ́ pé àlàfo ti là, tí ó sì ti pa dé, nígbà púpọ̀ ṣáájú. Èyí bá ohun tí a mọ̀ mu, nítorí pé ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ bo ayé, igbó Áfíríkà sún kì sí ibi ìsádi díẹ̀. Ìyàtọ̀ ìjàlọ ń tọ́ka sí àlàfo tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju oko lọ fíìfíì.

Nítorí náà, asẹ́ ni Àlàfo Dahomey, kì í ṣe ògiri. Ó jẹ́ kí ohun tí ó ní ìyẹ́ kọjá, ó ń dá ohun tí ń fi ẹsẹ̀ rìn dúró ní ìgbà ọ̀dá, ó sì ń tú u sílẹ̀ ní ìgbà òjò.

7. Gberefu gẹ́gẹ́ bí ibi ìdánwò

Ilẹ̀ tí a ti lè dán àlàyé yìí wò ni Gberefu. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjàlọ lè gbà dé irú ibẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni kí ó ré ọ̀sà kọjá láti Àgbádárìgì. Ọ̀sà náà fẹ̀, omi Yewà sì ń wọ inú rẹ̀. Òṣùṣù tí ìjàlọ fi ń léfòó wà fún àgbàrá tí yóò fà láìpẹ́. Bí ìṣàn omi bá gbé e lọ, ìyá ní láti wà láàárín rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òkú agbo ni yóò gúnlẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè sọ pé omi náà kò lè gbé nǹkan. Ní 1984 ni a kọ́kọ́ rí ewéko olódòdó tí ń léfòó, Eichhornia crassipes, ní ọ̀sà Àgbádárìgì. Láti ìhà Àjàṣẹ́ ni ó ti bá omi wá. Ohun tí ó ń léfòó lè gba ọ̀nà yìí. Ọ̀rọ̀ ni bí odidi agbo ṣe lè wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni orí yanrìn. Ènìyàn tí ó wọ ọkọ̀ láti Àgbádárìgì ń pe Gberefu ní erékùṣù, ṣùgbọ́n lójú ìjàlọ kì í ṣe erékùṣù. Ilẹ̀ yanrìn náà gùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn láàárín ọ̀sà àti òkun títí ó fi kọjá ààlà dé Kútọnu, níbi tí àwọn Faransé ti la ẹnu ọ̀sà sí òkun ní 1885. Ní ìlà-oòrùn, ẹnu ọ̀sà Èkó ni ó dá a dúró. Nítorí náà, ẹ̀dá tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lè gba orí yanrìn dé Gberefu láìfi ẹsẹ̀ kan omi, bí ó bá rí ìbòòji. Yanrìn funfun tí oòrùn ń jó kì í ṣe ọ̀nà fún un. Igbó kéékèèké àti ọgbà àgbọn lè jẹ́ ọ̀nà. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tí ogun Dahomey lé ní 1727 lè gbà sá wá sí ìlà-oòrùn.

Ọ̀nà kẹta ni ọwọ́ ènìyàn. Wasmannia auropunctata, eèrà kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, bá ẹrù ènìyàn dé Gabon ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó sì ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀ àti ní Cameroon. Ìyá díẹ̀ nínú erùpẹ̀ ìdí irúgbìn tó fún irú eèrà bẹ́ẹ̀. Ti ìjàlọ kò rí bẹ́ẹ̀: ìyá rẹ̀ wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ-ogun, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tí yóò gbé wọn láìmọ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ẹ̀rí ìjàlọ mọ́ ju ti àwọn eèrà yòókù lọ. Òwò ènìyàn kò dà á rú.

Láti inú èyí ni a ti lè fa ìlànà mẹ́ta yọ fún òpìtàn tí ó bá fẹ́ fi ìjàlọ ṣe ẹlẹ́rìí. Èkíní, kí ó má fi àìsí ìjàlọ níbì kan ṣe ẹ̀rí pé igbó kò sí níbẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ pé ìjàlọ kò rí ọ̀nà dé. Èkejì, kí ó ya ẹ̀rí ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí akọ. Àwọn ohun àjogúnbá kan wà tí ó jẹ́ pé ìyá nìkan ni ọmọ ti ń gbà wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni ó pa ìtàn ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń bá akọ fò, wọ́n sì lè ré ọ̀sà àti ọ̀dàn kọjá. Ìwádìí tí Kronauer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 fi hàn pé ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, Dorylus molestus àti Dorylus wilverthi ń gun ara wọn, tí ààlà láàárín ẹ̀yà méjèèjì kò fi dán mọ́rán. Ẹ̀kẹta, kí ó fi ẹ̀rí ìjàlọ lé orí ẹ̀rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó, ìtàn àtẹnudẹ́nu àti àkọsílẹ̀, kí ó má fi rọ́pò wọn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé ìyàtọ̀ láàárín ìjàlọ ìwọ̀-oòrùn àti ti ìlà-oòrùn kì í ṣe ọ̀ràn àwọ̀ àti gígùn ẹsẹ̀ lásán. Ìtàn ilẹ̀ ni. Nítorí pé ìyá ìjàlọ kò ní ìyẹ́, ibi tí ó wà àti ibi tí kò dé jẹ́ àkọsílẹ̀ ibi tí ìbòòji ti wà rí. Àkọsílẹ̀ yìí, pẹ̀lú ẹ̀rí adágún Sélé, kò fara mọ́ ẹ̀sùn pé àgbẹ̀ ni ó la Àlàfo Dahomey. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti là á kí ìlú ńlá tó wà. Iṣẹ́ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ojú ọ̀run ti yí padà tẹ́lẹ̀. Àwọn igbó òrìṣà tí ó kù sínú àlàfo náà sì jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ tí a ń pè ní ọwọ́ apanirun ni ó dáàbò bo ìwọ̀nba igbó tí ìjàlọ àti ọ̀bọ ṣì ń gbé.

Iṣẹ́ tí ó kù pọ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó sì yẹ jù láti ṣe é. Ó yẹ kí a kó ìjàlọ jọ ní etí ọ̀sà méjèèjì, ní Àgbádárìgì àti ní Gberefu, àti ní igbó Lama àti Niaouli, kí a kọ ibi àti ọjọ́ tí a kó wọn sí ara ìwé, kí a sì tọ́jú wọn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí èyí tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí a bi àwọn apẹja àti àwọn àgbẹ̀ àgbọn léèrè ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀wọ́ ìjàlọ, àti ìgbà tí wọ́n ń rí i. Ọ̀pọ̀ ọdún tí akọ àti òṣìṣẹ́ fi jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó láti kọ́ni pé ẹni tí ó ń gbé lórí ilẹ̀ mọ ohun tí àpótí kò lè sọ. Etíkun náà ń yí padà kíákíá, yanrìn àti igbó kéékèèké tí ó wà lórí rẹ̀ sì ń dín kù. Bí ìbòòji bá ti lọ, ẹlẹ́rìí tí ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò bá a lọ, ẹjọ́ yóò sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i.